Kíndìnrín Alátọ̀gbẹ: Ìtọ̀ Ń Sọ̀rọ̀ Kí Ara Tó Mọ̀

Bí dókítà bá ti sọ fún alátọ̀gbẹ kan pé kíndìnrín rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ bí ó ti yẹ mọ́, ọ̀kan nínú ohun méjì ni ó sábà máa ń tẹ̀lé e. Nínú ilé kan, wọn a gba ọ̀rọ̀ náà bí ìdájọ́ ikú: ẹkún a sọ, wọn a ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ tí ó wà lókèèrè, aláìsàn fúnra rẹ̀ a sì dá oògùn dúró nítorí ó gbà pé ọ̀rọ̀ ti kọjá oògùn. Nínú ilé kejì, wọn a sáré tọ ẹni tí ń polówó lórí rédíò lọ, ẹni tí ó ní ìgò mẹ́ta ni òun yóò fi fọ kíndìnrín mọ́ láàárín ọjọ́ mọ́kànlélógún. Èrò àkọ́kọ́ kò tọ̀nà. Èkejì burú jù ú lọ. Òtítọ́ ọ̀rọ̀ náà wà láàárín àwọn méjèèjì, òun ni a sì fẹ́ gbé síwájú ẹ̀yin òǹkàwé wa: pé àrùn kíndìnrín tí àtọ̀gbẹ ń fà ṣeé dá dúró lójú ọ̀nà kí ó má yára, pé ní ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ó tilẹ̀ ṣeé yí padà, ṣùgbọ́n pé àsìkò tí èyí rọrùn jùlọ ni àsìkò tí aláìsàn kò tíì mọ ohunkóhun lára.

Kíndìnrín méjì ni Ọlọ́hun dá mọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn tó ìkúùkù ọwọ́, wọ́n sì wà lẹ́yìn ìkùn, ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ọ̀pá ẹ̀yìn. Nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan ni asẹ́ kéékèèké tí ó tó nǹkan bí mílíọ̀nù kan wà, tí ojú lásán kò lè rí. Ẹ̀jẹ̀ ń gba inú àwọn asẹ́ yìí kọjá láìsinmi. Omi tí wọ́n ń sẹ́ jáde nínú ẹ̀jẹ̀ lójúmọ́ tó 180 lítà. Ara a sì gba èyí tí ó pọ̀ jùlọ padà, tí ó fi jẹ́ pé lítà kan sí méjì péré ni a ń tọ̀. Asẹ́ tí ó dára a máa jẹ́ kí ìdọ̀tí kọjá, a sì máa dá ohun tí ó níye lórí dúró, pàápàá èròjà amúaradàgbà kan tí wọ́n ń pè ní albumin.

Nígbà tí ṣúgà bá pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ fún ọdún púpọ̀, ohun méjì ni ó ń ṣe sí asẹ́ wọ̀nyí. Kíndìnrín a máa gba ṣúgà náà padà pẹ̀lú iyọ̀, èyí a sì mú kí ẹnu ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà wọ inú asẹ́ ṣí sílẹ̀ ju bí ó ti yẹ lọ, tí ẹ̀jẹ̀ fi ń ya wọlé pẹ̀lú agbára. Ṣúgà fúnra rẹ̀ a tún máa ba ara asẹ́ jẹ́, awọ rẹ̀ a nípọn, a sì máa jò. Bí ẹ̀jẹ̀ ríru bá wà níbẹ̀ pẹ̀lú, gẹ́gẹ́ bí ó ti sábà máa ń wà, ńṣe ni ó dà bí ìgbà tí a ń da omi láti òkè lu ajọ̀ tí ó ti gbó. Albumin a bẹ̀rẹ̀ sí jò sínú ìtọ̀. Asẹ́ kan a di àpá, a kú. Àwọn tí ó kù a gba iṣẹ́ èyí tí ó kú mọ́ tiwọn, àwọn náà a sì tètè gbó.

Ohun tí ó ń tan ènìyàn jẹ ni pé gbogbo èyí ń ṣẹlẹ̀ láìsí ìrora. Ẹ̀yìn kì í dun ni nítorí rẹ̀, ìtọ̀ kì í dáwọ́ dúró, oúnjẹ a sì máa wọlé. Ẹsẹ̀ wíwú, ojú tí ó wú ní òwúrọ̀, ìtọ̀ tí ń hó bí ọṣẹ, ara yíyún, èébì, àárẹ̀ tí kò lọ: púpọ̀ nínú àmì wọ̀nyí kì í yọjú àfi ìgbà tí àìsàn ti rìn jìnnà. Ní Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti ń ka iye aláìsàn, nínú àgbàlagbà mẹ́ta tí ó ní àtọ̀gbẹ, ó tó ẹnì kan tí ó ní àrùn kíndìnrín pẹ̀lú. Ọ̀pọ̀ jùlọ àwọn tí kíndìnrín wọn ń ṣàìsàn ní orílẹ̀-èdè náà ni kò sì mọ̀, bí ilé ìwòsàn wọn ti pọ̀ tó.

Ìtọ̀ ni ó ń kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Àwọn baba wa mọ ìtọ̀ alátọ̀gbẹ nípa èèrà tí ń ṣù bò ó. Àwọn oníṣègùn tí ó ń fi èdè Lárúbáwá kọ̀wé náà kò sì fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú àìsàn yìí. Abd al-Latif al-Baghdadi, tí ó kú ní ọdún 1231, kọ ìwé lọ́tọ̀ lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ṣúgà inú ìtọ̀ kọ́ ni a ń wí níbí. Albumin ni. Wọn yóò gba ìtọ̀ díẹ̀ sínú ìgò, wọn yóò wọn albumin inú rẹ̀, wọn yóò sì fi wé ìdọ̀tí mìíràn tí ó wà nínú ìtọ̀ kan náà, èyí tí ń jẹ́ creatinine. Bí èsì rẹ̀ kò bá tó 30, tí a fi miligíráàmù wọ̀n sí gíráàmù kan, kò séwu. Láti 30 dé 300, asẹ́ ti ń jò. Bí ó bá ju 300 lọ, jíjò náà ti le. Àyẹ̀wò kejì, ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n ń gbà fún un, láti inú rẹ̀ ni wọ́n sì ti ń ṣírò agbára tí kíndìnrín fi ń sẹ́ ẹ̀jẹ̀. Ẹni tí iye tirẹ̀ bá wà lábẹ́ 60 fún oṣù mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, àìsàn kíndìnrín ni ó ní. Ẹni tí tirẹ̀ kò bá tó 15, kíndìnrín rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kú iṣẹ́ tán.

Àyẹ̀wò méjèèjì ni alátọ̀gbẹ nílò lọ́dọọdún, nítorí pé ọ̀kan lè dára kí èkejì ti bàjẹ́. Ẹni tí àtọ̀gbẹ mú ní àgbà, ọjọ́ tí wọ́n bá ti sọ fún un ni kí ó ti bẹ̀rẹ̀, torí pé àìsàn náà lè ti wà lára rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ó tó mọ̀. Ọmọdé tàbí ọ̀dọ́ tí ń gba abẹ́rẹ́ ínsúlìn láti ìbẹ̀rẹ̀, wọn a máa bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ lẹ́yìn ọdún márùn-ún. Kí èsì kan ṣoṣo má sì já ẹnikẹ́ni láyà. Ibà tàbí iṣẹ́ agbára lè mú kí albumin jò fún ọjọ́ díẹ̀. Bí ó bá ga, ẹ tún un ṣe.

Títí di àwọn ọdún 1970, ọ̀pọ̀ oníṣègùn gbà pé bí albumin bá ti ń jò púpọ̀ nínú ìtọ̀ alátọ̀gbẹ, kò sí ohun tí a lè ṣe mọ́ ju kí a máa ka ọjọ́. Ilẹ̀ Denmark wà lára ibi tí èrò náà ti kọ́kọ́ yẹ̀. Ní ọdún 1982, Carl Erik Mogensen fi hàn pé bí a bá fi oògùn mú ẹ̀jẹ̀ ríru wálẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, ìbàjẹ́ kíndìnrín a máa falẹ̀. Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, Hans-Henrik Parving àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí ohun kan náà lára ènìyàn mẹ́wàá. Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ oògùn, agbára kíndìnrín wọn ń dín kù ní ìwọ̀n 0.91 lóṣooṣù, nígbà tí wọ́n ń lo oògùn, ó di 0.39. Ènìyàn mẹ́wàá kò pọ̀, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀ wò. Ẹni tí ó ní 60 lọ́wọ́, tí ó ń pàdánù 0.91 lóṣù, yóò dé orí 15 láàárín ọdún mẹ́rin ó lé díẹ̀. Ẹni tí ó ń pàdánù 0.39, yóò lo ọdún mẹ́sàn-án ó lé kí ó tó débẹ̀. Nínú ọdún márùn-ún tí ó wà láàárín wọn, ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ yunifásítì lè parí ẹ̀kọ́ rẹ̀ kí ó sì gbé ìyàwó, lójú baba rẹ̀.

Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kò sì rí bákan náà fún kíndìnrín. Ní ọdún 1965, ọmọ ilẹ̀ Brazil kan, Sérgio Ferreira, ṣe àlàyé ohun kan tí ó rí nínú oró ejò olóró ilẹ̀ wọn tí wọ́n ń pè ní jararaca. Láti inú ìmọ̀ yẹn ni àwọn onímọ̀ kẹ́míkà ní Amẹ́ríkà ti ṣe oògùn captopril ní àwọn ọdún 1970. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé ó ń la ẹnu ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà jáde nínú asẹ́, kí agbára tí ń tì í láti inú lè rọlẹ̀. Ní ọdún 1993 ni wọ́n tẹ èsì ìwádìí kan jáde tí wọ́n ṣe lórí alátọ̀gbẹ 409 tí ń gba ínsúlìn: captopril dín ewu ikú, fífọ ẹ̀jẹ̀ àti pípààrọ̀ kíndìnrín kù ní ìdajì. Lisinopril, enalapril àti ramipril jẹ́ ọmọ ìyá rẹ̀. Losartan àti irbesartan, tí wọ́n jẹ́ ìbátan rẹ̀, ni ìwádìí ọdún 2001 fi hàn pé ó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí fún àwọn tí àtọ̀gbẹ mú ní àgbà. Nínú èyí tí wọ́n fi losartan ṣe, lórí ènìyàn 1,513, ewu kí kíndìnrín kú pátápátá dín kù ní ìdá 28 nínú ọgọ́rùn-ún. Oògùn wọ̀nyí ti di oògùn àtijọ́ báyìí, kì í ṣe oògùn olówó nìkan ni. Aboyún kò gbọdọ̀ lò wọ́n o.

Ní ti ṣúgà, ìwádìí tí wọ́n parí ní ọdún 1993 lórí ènìyàn 1,441 ní Amẹ́ríkà àti Kánádà ti yanjú ọ̀rọ̀ náà. Àwọn tí wọ́n mú ṣúgà wọn mọ́lẹ̀ dáadáa, jíjò albumin bẹ̀rẹ̀ lára wọn ní ìdá 39 nínú ọgọ́rùn-ún dín sí ti àwọn yòókù, èyí tí ó le sì dín ní ìdá 54.

A ti sọ pé ó ṣeé yí padà. A kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ ọ ní àgbọ́yé, nítorí náà a ó ya ohun méjì sọ́tọ̀. Jíjò albumin tí kò tíì le ṣeé yí padà, kò sì ṣọ̀wọ́n. Ní ọdún 2003, àwọn oníwádìí ní Boston jábọ̀ lórí alátọ̀gbẹ 386 tí asẹ́ wọn ti bẹ̀rẹ̀ sí jò: láàárín ọdún mẹ́fà, jíjò náà dín kù gidigidi lára ìdá 58 nínú ọgọ́rùn-ún wọn, pàápàá àwọn tí ṣúgà wọn, ẹ̀jẹ̀ ríru wọn àti ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ wọn wà ní ìwọ̀n. Àpá tí ó ti bo asẹ́ ni ohun kejì. Ìyẹn le púpọ̀. Ní ọdún 1998, Paola Fioretto, Michael Mauer àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn sọ ìtàn alátọ̀gbẹ mẹ́jọ tí wọ́n pààrọ̀ ẹ̀yà inú tí ń ṣe ínsúlìn fún, tí ṣúgà wọn sì di ti ẹni tí kò ní àtọ̀gbẹ rárá. Wọ́n gé èérún kíndìnrín wọn wò lẹ́yìn ọdún márùn-ún, kò sí ìyàtọ̀. Wọ́n tún wò ó lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, ìbàjẹ́ náà ti ń yí padà. Ọdún mẹ́wàá ni o, pẹ̀lú ṣúgà tí ó dára lójoojúmọ́. Kí ẹni tí ń ta ìgò mẹ́ta fún ọjọ́ mọ́kànlélógún wá wí tirẹ̀. Asẹ́ tí ó bá sì ti kú tán, kò sí oògùn òyìnbó tàbí ti ìbílẹ̀ tí ó ń jí i. Ohun tí ó kù ni kí a dáàbò bo àwọn tí ó wà láàyè.

Nínú ìdáàbòbò yìí ni oògùn tuntun ti dé ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ìtàn rẹ̀ yóò sì dùn mọ́ àwọn tí wọ́n fẹ́ràn egbòogi nínú wa. Ní ọdún 1835, àwọn onímọ̀ ní ilẹ̀ Yúróòpù rí ohun kíkorò kan nínú èèpo gbòǹgbò igi ápù, wọ́n pè é ní phlorizin. Ní nǹkan bí àádọ́ta ọdún lẹ́yìn náà, wọ́n rí i pé ẹni tí ó bá mu ún, ṣúgà a máa bá ìtọ̀ rẹ̀ jáde. Ṣùgbọ́n ìfun kì í gbà á wọlé dáadáa, kò sì ṣeé lò bí ó ti wà. Ó gbà ju ọgọ́jọ ọdún lọ kí àwọn onímọ̀ tó tún un ṣe di oògùn tí ó ní ìwọ̀n: canagliflozin, dapagliflozin, empagliflozin. Wọ́n ń dí ilẹ̀kùn tí kíndìnrín fi ń gba ṣúgà àti iyọ̀ padà, ẹnu ọ̀nà asẹ́ tí ó ti ṣí sílẹ̀ jù a sì padà fún. Ní ọdún 2018, wọ́n dá ìwádìí canagliflozin lórí ènìyàn 4,401 dúró kí ó tó pé àsìkò, nítorí àǹfààní rẹ̀ ti hàn gbangba: ewu tí wọ́n ń wò dín kù ní ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún, bẹ́ẹ̀ àwọn ènìyàn náà ti ń lo oògùn ìdílé captopril tàbí losartan tẹ́lẹ̀. Dapagliflozin tẹ̀lé e ní ọdún 2020, pẹ̀lú ìdá 39. Ní ọdún 2021, Àjọ Ìlera Àgbáyé fi ìdílé oògùn yìí sínú ìwé oògùn tí kò yẹ kí orílẹ̀-èdè kankan ṣaláìní, àwọn ilé iṣẹ́ ilẹ̀ India sì ti ń ṣe èyí tí owó rẹ̀ dín. Finerenone (2020) àti abẹ́rẹ́ semaglutide (2024) náà ti fi ẹ̀rí tiwọn hàn, ṣùgbọ́n owó wọn kò tíì jẹ́ ti mẹ̀kúnnù.

Dókítà nìkan ni ó lè sọ èyí tí ó bá ara ẹnì kọ̀ọ̀kan mu. Ohun tí ó kàn wá níbí ni ìdí tí àwọn ènìyàn wa fi ń dá a dúró. Bí a bá bẹ̀rẹ̀ oògùn ìdílé captopril tàbí ti dapagliflozin, agbára kíndìnrín lórí ìwé àyẹ̀wò a máa kọ́kọ́ wálẹ̀ díẹ̀, nítorí pé agbára tí ń ti ẹ̀jẹ̀ nínú asẹ́ ti rọlẹ̀. Aláìsàn a rí i, a ní oògùn ń pa òun, a sì kó o dà nù. Díẹ̀ tí ó wálẹ̀ yẹn, tí dókítà ń ṣọ́ ọ, kì í ṣe ìbàjẹ́. Lisinopril lè fa ikọ́. Dókítà lè fi losartan rọ́pò rẹ̀. Bí ojú tàbí ètè bá wú lójijì, kí a dá a dúró kí a sì sáré lọ sí ilé ìwòsàn. Oògùn ti ṣúgà inú ìtọ̀ lè fa ìyún ní ojú ara, fífi omi fọ ara lẹ́yìn ìtọ̀, èyí tí ó ti jẹ́ àṣà wa, sì wúlò púpọ̀ fún un. Bí èébì tàbí ìgbẹ́ gbuuru bá ń ṣe ènìyàn, kí ó bi dókítà léèrè bóyá kí ó dá díẹ̀ nínú oògùn wọ̀nyí dúró títí ara yóò fi le. Ní ti metformin, tí wọ́n ń sọ káàkiri pé ó ń ba kíndìnrín jẹ́, irọ́ ni. Nígbà tí kíndìnrín bá ti rẹ̀ gan-an ni wọ́n ń dín in kù tàbí dá a dúró, kì í ṣe pé òun ni ó fà á.

Ohun tí ń ba kíndìnrín jẹ́ wà lọ́wọ́ wa, a kò sì bẹ̀rù rẹ̀. Diclofenac, ibuprofen àti piroxicam tí àwọn àgbà ń rà ní ṣọ́ọ̀bù fún orúnkún àti ẹ̀yìn, tí wọ́n ń lò lójoojúmọ́ fún ọdún, ọ̀tá kíndìnrín alátọ̀gbẹ ni wọ́n. Ọṣẹ àti ìpara ìbóra tí ó ní makíúrì nínú ń ṣe iṣẹ́ ibi kan náà. Ní ti àgbo, a kò bá ewé jà. A ti sọ ti èèpo igi ápù àti ti oró ejò; metformin pàápàá, ìtàn rẹ̀ kan ewéko ilẹ̀ Yúróòpù kan. Ìwọ̀n ni ìyàtọ̀. Ní ìlú Brussels, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, wọ́n fún àwọn obìnrin tí ó fẹ́ fọn ní egbòogi ilẹ̀ Ṣáínà. Ewé kan ni wọ́n fi ṣi òmíràn mú nínú rẹ̀, ó sì ba kíndìnrín àwọn tí ó ju ọgọ́rùn-ún lọ jẹ́. Ewé ni. Ẹni tí kò lè sọ ohun tí ó wà nínú ìgò rẹ̀, ìwọ̀n rẹ̀, àti ẹni tí ó ti yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò lẹ́yìn tí ó mu ún, kò yẹ kí alátọ̀gbẹ gba ìgò lọ́wọ́ rẹ̀.

Oúnjẹ kò ní gbà wá lọ́rọ̀ púpọ̀. Ewúro kò lè pa ṣúgà tí ó wà nínú òkèlè. Àmàlà, ẹ̀bà, iyán, àti wíìtì tí a sọ di oúnjẹ alátọ̀gbẹ, inú ẹ̀jẹ̀ ni gbogbo wọn ti ń di ṣúgà. Bí òkèlè ti tóbi tó ni kí a máa wò. Ẹ̀lúbọ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí wọ́n ń yìn fún wa, ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ti rẹ̀ púpọ̀ ní láti ṣọ́ra fún un, nítorí èròjà potassium inú rẹ̀ lè pọ̀ jù fún ọkàn. Iyọ̀ àti máàgí ni kí a dín kù jùlọ: ìwọ̀n ṣíbí tíì kan tí a gé lórí ni iyọ̀ tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi lélẹ̀ fún gbogbo ọjọ́, ti inú búrẹ́dì sì wà nínú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ààwẹ̀ wà nínú èyí, àwa ààfáà ni ó sì kàn. Ẹni tí agbára kíndìnrín rẹ̀ ti wà lábẹ́ 30, tàbí tí ń fọ ẹ̀jẹ̀, wà lára àwọn tí ààwẹ̀ léwu fún jùlọ. Ẹni tí tirẹ̀ wà láàárín 30 sí 60 náà kò kúrò nínú ewu. Òùngbẹ ọjọ́ kan lè mú kíndìnrín tí ó ti rẹ̀ wálẹ̀ sí i. Àwọn òbí wa kan kì í fẹ́ gbọ́ ọ, ojú a máa tì wọ́n láti jẹun ní ọ̀sán Rámádánì. Ṣùgbọ́n ìyọ̀ǹda aláìsàn kì í ṣe ohun tí dókítà ṣẹ̀dá. Ẹni tí ìrètí wà pé ara rẹ̀ yóò yá, yóò san án pada ní ọjọ́ mìíràn. Ẹni tí àìsàn rẹ̀ kò ní lọ, oúnjẹ tálákà kan fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan ni tirẹ̀. Ààfáà tí ó bá ń sọ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ pé kí ó ṣáà fi ara dà á, ẹrù tí Ọlọ́hun ti sọ̀ kalẹ̀ lórí rẹ̀ ni ó tún ń gbé lé e. Kí a ti rí dókítà ní oṣù kan tàbí méjì kí Rámádánì tó wọlé, kì í ṣe ní òru ọjọ́ tí oṣù bá lé.

Ó wá ku owó. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2025, ìjọba àpapọ̀ kéde pé owó fífọ ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ẹ̀kan ní àwọn ilé ìwòsàn rẹ̀ kan, tí UCH Ìbàdàn wà lára wọn, yóò wálẹ̀ láti 50,000 náírà sí 12,000. A dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ ni ó yẹ kí wọ́n máa fọ̀ ọ́, nǹkan bí wákàtí mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan, èyí sì jẹ́ ìgbà mẹ́tàlá lóṣù: 156,000 náírà, láìka owó ọkọ̀ àti abẹ́rẹ́ ẹ̀jẹ̀. Owó oṣù tí ó kéré jùlọ tí òfin ọdún 2024 fi lélẹ̀ jẹ́ 70,000. Níbi tí owó náà ṣì wà ní 50,000, ó di 650,000 lóṣù. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ fi ń fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, títí wọn kò fi ní wá mọ́.

Ní ọjọ́ Jímọ̀, wọn a dìde ní mọ́sáláásí, wọn a kéde orúkọ arákùnrin kan, a ó sì dá owó. Ó dára, ẹ má jẹ́ kí a dáwọ́ rẹ̀ dúró. Aláìsàn tí kò ní wà lára àwọn tí sakáà tọ́ sí. Ṣùgbọ́n owó tí a dá yẹn yóò tán láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹni tí a dá a fún yóò sì tún padà wá. Iye tí ó ń lọ lórí oṣù kan ẹnì kan ṣoṣo lè san owó àyẹ̀wò fún ọ̀pọ̀ alátọ̀gbẹ tí wọ́n jókòó nínú sàfù wa, tí ẹnikẹ́ni kò tíì yẹ ìtọ̀ wọn wò rí. A ń fi èyí siwájú àwọn ìgbìmọ̀ mọ́sáláásí àti ẹgbẹ́ àwọn ìyá: kí a ya apá kan sọ́tọ̀ nínú owó sàráà fún àyẹ̀wò ìtọ̀ àti ẹ̀jẹ̀, kí a sì bẹ àwọn nọ́ọ̀sì àti dókítà tí ó wà láàárín wa kí wọ́n dá ọjọ́ kan lọ́dún. Àwọn obìnrin nílò ibi tí ó pamọ́ fún ìtọ̀, kí a má gbàgbé ìyẹn, nítorí òun ni kì í jẹ́ kí púpọ̀ nínú wọn wá.

Kí àwọn tí yóò ṣètò rẹ̀ mọ ohun kan síwájú. Ìwé tẹ́ẹ́rẹ́ tí a ń tì bọ ìtọ̀, tí àwọ̀ rẹ̀ ń yí padà, kò wọ́n, ó sì yára, ṣùgbọ́n jíjò tí ó ti pọ̀ ni ó sábà máa ń rí. Díẹ̀ tí ó wà láàárín 30 sí 300, tí ó rọrùn jùlọ láti yí padà, lè kọjá lójú rẹ̀. Alátọ̀gbẹ tí ìwé náà bá sọ pé kò sí nǹkan nínú ìtọ̀ rẹ̀ ṣì ní láti gbé ìtọ̀ náà lọ sí láàbù fún àyẹ̀wò albumin gan-an, kí ó sì gba èsì rẹ̀ lọ́wọ́ ní kíkọ, pẹ̀lú iye rẹ̀ àti ọjọ́ tí wọ́n ṣe é, kí ó lè fi wé ti ọdún tí ń bọ̀.